Ojú Tí Kámẹ́rà Fi Ń Wo Ìgbé Ayé Ará Etí Omi, Láti Ajah Dé Lẹ́kí

Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà tọ́jú ìtàn pọ̀. Arọ́kìn ń fi ẹnu tọ́jú tirẹ̀, agbẹ́gilére ń fi igi tọ́jú tirẹ̀, òǹkọ̀wé sì ń fi tàdáwà tọ́jú tirẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí kámẹ́rà náà ti dara pọ̀ mọ́ wọn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni ohun tí ẹni tí ń ya fọ́tò fún ìgbádùn ara rẹ̀, tí kì í ṣe fún owó, lè rí ní àwọn abúlé etí omi láti Ajah títí dé Lẹ́kí, àti ohun tí ó yẹ kí ó ṣe kí fọ́tò rẹ̀ má baà di àwòrán lásán.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àwọn tí ó kọ́ ọ nìkan ni fọ́tò yíyà. Ẹ̀rọ rẹ̀ wúwo, owó rẹ̀ sì pọ̀. Ní ọdún 1888 ni George Eastman, ará Amẹ́ríkà, gbé Kodak jáde. Nígbà tí ó sì di ọdún 1900, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta Brownie ní dọ́là kan péré. Láti ìgbà náà ni akọ̀wé, olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé ti lè ní kámẹ́rà tiwọn. Irú Brownie bẹ́ẹ̀ ni J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Emai ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní, fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1950. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò tún wáyé níwájú.

Ilẹ̀ yanrìn tóóró ni agbègbè Lẹ́kí. Òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà wà ní àríwá. Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ ìhà òkun, ọ̀tọ̀ sì ni ti ìhà ọ̀sà. Ní etí òkun, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni í pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, tí wọn yóò máa fa okùn àwọ̀n ńlá wá sí ilẹ̀, tí orin yóò sì máa mú ẹsẹ̀ wọn dọ́gba. Ní ọ̀sà, ẹni kan tàbí méjì péré ni í wà nínú ọkọ̀: ọ̀kan ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀, èkejì ń ju àwọ̀n tàbí kí ó máa yẹ ìgèrè rẹ̀ wò.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ya iṣẹ́ wọ̀nyí ní láti tètè jí. Ní kùtùkùtù, ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ó ń fi bí yanrìn ṣe rí, bí okùn ṣe lọ́ àti bí iṣan apá ṣe le hàn. Bí ó bá di ọ̀sán gangan, òjìji á kúrú, ojú àwọn ènìyàn á sì ṣókùnkùn lábẹ́ fìlà. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ á sì rọ̀.

Nígbà tí ẹja bá gúnlẹ̀, iṣẹ́ di ti àwọn obìnrin. Èéfín ni ojú àlejò kọ́kọ́ ń rí, nítorí pé ó dára nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní sùúrù yóò rí i pé ètò wà níbẹ̀: a ó ṣan ẹja, a ó ká òbòkún kí ìrù rẹ̀ kan ẹnu, a ó tò ó sórí ààrò, a ó sì máa yí i padà títí yóò fi gbẹ. Bákan náà ni àdí àgbọn: a ó rin àgbọn, a ó fún omi rẹ̀, a ó sì sè é títí òróró yóò fi léfòó. Fọ́tò kan kò lè sọ gbogbo èyí. Mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó tẹ̀lé ara wọn lè sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣòro níhìn-ín. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague kọ̀wé nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts nípa fọ́tò àwọn Yorùbá. Ó ṣàlàyé pé àgbà tí ó bá fẹ́ ya fọ́tò a máa wọ aṣọ iyì, a jókòó dáadáa, a gbé ọwọ́ lé orúnkún, a sì kọjú sí kámẹ́rà gán-án. Ẹni tí ń ya fọ́tò fún ìgbádùn kì í sábà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni ó fẹ́ bá ènìyàn. Bí ó bá sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ṣé mo lè yà yín?" ìdáhùn tí yóò sábà gbọ́ ni, "Dúró ná, ọmọ mi, jẹ́ kí n lọ wé gèlè." Kò yẹ kí ó bínú. Bí fọ́tò iṣẹ́ nìkan ni ó bá yà, aṣọ ìṣiṣẹ́ nìkan ni ayé yóò fi mọ ìyá náà. Kí ó ya méjèèjì, kí ó sì mú èyí tí ìyá fẹ́ padà wá fún un. Bí ìyá bá sì kọ̀, kí ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni orúkọ. Láti ọdún 1968 ni Ojeikere ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin, títí fọ́tò náà fi súnmọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Ó ń kọ orúkọ irun mọ́ ọn, irú bí onílé gògòrò. Nítorí èyí ni fọ́tò rẹ̀ fi di ìmọ̀. Ọmọ tí ó bá rí fọ́tò ìgèrè lẹ́yìn ọ̀la tí a kò kọ nǹkan kan sí yóò rò pé agbọ̀n ni.

Ìdí sì wà fún ìkánjú. Ní oṣù Keje ọdún 1990 ni ìjọba wó Màrókò, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì fọ́n ká. Akinbode Akinbiyi fi ọ̀pọ̀ ọdún ya àwọn tí ń wá sí Bar Beach. Eko Atlantic ni ó wà níbẹ̀ lónìí. Ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, a ṣí èbúté ńlá ní 2023, ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote sì wà nítòsí rẹ̀. Àwọn abúlé apẹja tí ó kù ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ wọn.

Lónìí, kámẹ́rà wà nínú tẹlifóònù ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ó yẹ kí olùkọ́ rán wọn lọ bá àwọn àgbà etí omi, kí wọ́n kí wọn, kí wọ́n gba àṣẹ, kí wọ́n ya iṣẹ́ wọn ní ìpele-ìpele, kí wọ́n sì kọ orúkọ ohun èlò, ibi àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní èdè Yorùbá, bí àwọn tí ó ni iṣẹ́ náà ṣe pè é.