Ohun Tí Ogbó Ń Ṣe Nínú Iṣan

Bàbá alápatà tí mo máa ń ra ẹran lọ́wọ́ wọn ní Ọ̀rẹ̀ kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Bó bá jẹ́ ti màlúù àgbà, wọ́n á ní, “Tísà, èyí máa jẹ gáàsì o.” Mo bi wọ́n pé kí ló mú un yi tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni.

Òótọ́ ni, àmọ́ ó ku díẹ̀. Okùn tó so iṣan pọ̀ ló yi, òun leyín ń bá jà. Ogbó tún ń ṣe nǹkan mìíràn tí eyín ò lè mọ̀, òun ni mo sì máa ń fẹ́ràn láti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi l'Ódìgbò.

Inú sẹ́ẹ̀lì ni mitochondria wà, àwọn ló ń sọ oúnjẹ di agbára. Wọ́n ní DNA tiwọn, ọ̀dọ̀ ìyá la ti ń jogún rẹ̀. Ti ènìyàn jẹ́ lẹ́tà 16,569, ẹ̀dà rẹ̀ sì pọ̀ lọ jàra nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Bí ara ṣe ń dà á kọ lọ́dọọdún, àṣìkọ ń wọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn apá kan á gé sọnù pátápátá: wọ́n ti rí èyí tó pàdánù lẹ́tà 4,977 nínú ọkàn àti ọpọlọ àwọn àgbàlagbà.

Ẹ̀dà tó gé yìí lè máa pọ̀ sí i nínú fọ́nrán iṣan kan títí á fi borí àwọn tó pé. Ìdí tó fi ń borí, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e. Nínú iṣan eku arúgbó, fọ́nrán bẹ́ẹ̀ á tín-ín-rín lójú ibẹ̀, á já, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì wà digbí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ogbó ń mú wọn! Ibẹ̀ ni kíláàsì mi máa ń dákẹ́.

Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Karolinska ní Sweden gbé èsì iṣẹ́ wọn jáde lórí eku kan tí wọ́n ti ba ohun tó ń yẹ àdàkọ DNA yìí wò jẹ́. Kó tó pé ọdún kan, irun rẹ̀ ti ń re, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 48 ni ìdajì irú eku bẹ́ẹ̀ ti kú. Eku tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún sábà máa ń lò ju ọdún méjì lọ. Ṣùgbọ́n àṣìkọ inú eku wọ̀nyẹn pọ̀ fíìfíì ju ti ogbó lásán, nítorí náà mi ò ní fi í búra pé òun nìkan ló ń sọ wá darúgbó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ọ̀rẹ̀ kọjá lọ sí Benin, bí ẹnikẹ́ni bá dìde nínú bọ́ọ̀sì pé oògùn òun ń sọ àgbà dọ̀dọ́, ẹ di owó yín mú. Kò tíì sí oògùn tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń tún DNA tó ti gé yìí ṣe lára ènìyàn. Ìrìn àti iṣẹ́ ara ló ń mú kí iṣan ṣe mitochondria tuntun, wọn kì í sì í tà á.