Àlejò Láti Yúróòpù Wà Létí Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

Oṣù Kẹwàá la tẹ̀lé atọ́nà kan lọ wo ẹyẹ létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Lékeléke pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n ẹyẹ kékeré kan tó ń ju ìdí sókè sódò nínú ẹrẹ̀ ló gba ojú mi: common sandpiper.

Yúróòpù ni wọ́n ti ń yé ẹyin. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, tí kòkòrò ń wọ́n, wọ́n á fò kọjá aginjù Sàhárà wá sọ́dọ̀ wa. Bíi gíráàmù 50 péré ni, fóònù yín wúwo jù ú lọ dáadáa!

Ẹrẹ̀ tí à ń pè ní ìdọ̀tí yẹn, búkà rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, àwọn èèyàn ń fi yanrìn dí etí omi kọ́lé. Tí búkà bá pa, níbo ni àlejò máa ti jẹun?

Ẹ̀yin náà lè ṣèrànwọ́. Nigerian Bird Atlas Project pín Nàìjíríà sí igun kéékèèké, bíi kìlómítà 9 sí 9. Ẹ lo wákàtí méjì, ó kéré tán, nínú igun kan, ẹ kọ gbogbo ẹyẹ tẹ́ ẹ bá rí, kí ẹ fi ránṣẹ́. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ la fi ń mọ̀ tí àlejò kan ò bá wá mọ́.