Ẹ Jẹ́ Kó Dìde: Ìrìn Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìgbáròkó

Bí ẹ bá gbọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ìgbáròkó fún ẹnìkan, ẹ má rò pé arúgbó nìkan ni. Nílẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, làkúrègbé ọjọ́ ogbó ló sábà ń gbé ènìyàn dé ìdí iṣẹ́ abẹ yìí. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ọ̀dọ́ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde pọ̀ nínú wọn, àwọn tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún pàápàá. Àwọn míì ṣubú, eegun itan wọn sì kán lókè. Àwọn míì jẹ́ ìyá àgbà tó ti ń fọwọ́ di ìdí rìn láti ọdún mélòó kan. Gbogbo wọn ló máa padà sílé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ tiwọn ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà á parí tirẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Tiyín á gba oṣù mẹ́ta ó kéré tán, ó sì lè tó ọdún kan kí ara tó bọ̀ sípò tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Eegun itan ní orí róbótó lókè. Orí yìí wọ inú ihò kan lára eegun ìdí, bí orí ọmọ odó ṣe ń wọ inú odó, ó sì ń yí síbí yí sọ́hùn-ún ká lè rìn, ká lè jókòó, ká lè jó. Kérékéré tó ń dán ló bo orí náà àti inú ihò yẹn, kí eegun má bàa máa ha eegun. Awọ líle kan àti iṣan tó nípọn ló yí gbogbo rẹ̀ ká, àwọn ni kì í jẹ́ kí orí eegun yọ jáde.

Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé orí eegun yìí kò pọ̀, ó sì tóóró. Nínú ara ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ a máa tẹ̀, á le, á sì dí ọ̀nà náà. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé, eegun ibẹ̀ á kú. Orí tó róbótó á wó díẹ̀díẹ̀, á di págunpàgun, ẹni náà á sì máa tiro. Ìrora rẹ̀ sábà máa ń wà níbi tí itan ti pàdé abẹ́ ikùn, nígbà míì á sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún, tí wọ́n á fi máa fi róbù pa orúnkún tí kò ṣe nǹkan kan. Bí ọmọ yín tó ní àrùn náà bá ń ráhùn irú ìrora yìí, ẹ tètè mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Sickle Cell Foundation Nigeria, àjọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju dá sílẹ̀ ní 1994, wà ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, wọ́n sì máa ń gba irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn.

Tí eegun bá ti bàjẹ́ tán, dókítà eegun á gé orí tó kú kúrò. Á ki ọ̀pá irin kan bọ inú eegun itan, á fi orí tuntun lé e, èyí tí wọ́n fi irin tàbí seramíìkì ṣe. Á gbẹ́ ihò inú eegun ìdí kó mọ́, á fi ife irin sí i, á sì fi ike líle tẹ́ inú ife náà. Dókítà John Charnley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ike yìí sọ iṣẹ́ náà di ohun tó ń tọ́jọ́, ní ilé ìwòsàn Wrightington ní November 1962. Nílẹ̀ wa, wọ́n ń ṣe é ní Igbóbì ní Èkó, ilé ìwòsàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945 láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, wọ́n sì ń ṣe é ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ọ̀pá, orí àti ife tuntun wọ̀nyí la ó máa pè ní ìgbáròkó àtọwọ́dá.

Kí dókítà tó lè dé orí eegun tó bàjẹ́ náà, ó ní láti la awọ líle àti iṣan wọ̀nyẹn kọjá. Ó máa rán wọn padà, àmọ́ wọ́n nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá kí wọ́n tó jinná kí wọ́n sì le. Láàárín àkókò yìí, tí ẹ bá ká ẹsẹ̀ jù, orí tuntun yẹn lè yọ kúrò nínú ife rẹ̀. Yíyẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí orúnkún má ṣe ga ju ìgbáròkó lọ tí ẹ bá jókòó, kí ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì, kí ẹ má sì yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ sínú. Tí ẹ bá sùn, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Òfin yìí le gan-an fún àwọn tí wọ́n gba ẹ̀yìn ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Fún àwọn tí wọ́n gba iwájú ṣe tiwọn, ó máa ń rọ̀ díẹ̀, ó sì lè yàtọ̀. Ẹ bi dókítà yín pé ibo ló gbà wọlé.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an, tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ dìde. Ẹ̀rù á bà yín, á sì ba àwọn ará ilé jù yín lọ. Ẹni tó máa dì yín mú ni fisioterápíìsì, ìyẹn olùkọ́ ìrìn. Ẹ fọkàn sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń fọkàn sí ti dókítà, torí ọwọ́ rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó kù wà.

Ẹ lè ní, kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí aláìsàn sinmi? Bí ẹsẹ̀ bá wà lójú kan, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lè dì. Ẹ̀jẹ̀ dídì yìí lè já, kó lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pa ènìyàn lójijì. Nítorí rẹ̀ ni dókítà ṣe ń fún yín ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, abẹ́rẹ́ tàbí oníhóró, tí ẹ lè máa lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ má dá a dúró torí pé ara ti yá. Lórí bẹ́ẹ̀dì pàápàá, ẹ máa na àtẹ́lẹsẹ̀ síwájú, kí ẹ tún fà á padà sọ́dọ̀ ara yín, lemọ́lemọ́. Ẹni tó bá ní fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, kó má sì jẹ́ kí òtútù mú òun.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá ti ilé ìwòsàn dé, ẹní la máa ń tẹ́ fún un. Ọmọ á gbé omi wá, ìyàwó á gbé oúnjẹ wá, gbogbo wọn á máa ní, "Ẹ má dìde o, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Àmọ́ ìfẹ́ yẹn ló ń sọ iṣan itan di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ẹ jẹ́ kó dìde lọ bu omi mu fúnra rẹ̀. Kí ẹ dúró tì í ni iṣẹ́ yín.

Wọ́kà onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni ẹ óò kọ́kọ́ dì mú, lẹ́yìn náà kírọ́ọ̀ṣì méjì, lẹ́yìn náà ọ̀pá kan. Ọ̀pá yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dì sódì. Bó bá jẹ́ ìgbáròkó ọ̀tún ni wọ́n ṣe, ọwọ́ òsì ni kí ọ̀pá wà. Tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò nílẹ̀ láti rìn, ara yín á fẹ́ dà sí òsì. Iṣan ìdí ọ̀tún ló ń fà á padà, iṣan yẹn kò sì tíì lágbára tó. Ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ òsì á ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ bá dé ìdí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dá ni kó ṣáájú gòkè, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ni kó ṣáájú sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ṣòkòtò, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ló ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, òun náà ló ń gbẹ̀yìn bọ́ ọ.

Ẹ tún ilé ṣe kí aláìsàn tó dé. Ẹ ká ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì tó lè kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀bá orí bẹ́ẹ̀dì torí ìgbà tí iná bá lọ. Ẹ gbé àpótí ìjókòó pamọ́, kí ẹ wá àga gíga tó lápá. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ṣòro jù fún ọ̀pọ̀ ilé. Kò sí bí ẹni tó lóṣòó lórí ṣáláńgá ṣe lè pa òfin orúnkún mọ́. Ẹ pe káfíńtà àdúgbò, kó kan àga líle tó lápá fún yín, kó gbẹ́ ihò sí àárín rẹ̀, kí ẹ gbé e ka ojú ṣáláńgá tàbí kí ẹ fi póò sábẹ́ rẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ èyí tó ń fi omi ṣàn, àmọ́ tó kúrú, àga yìí kan náà ṣeé gbé kà á.

Ìkíni wa ni mo rí bí ọ̀rọ̀ tó gbẹgẹ́ jù. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú bá rí àgbà, tí kò sì kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, ojú á máa tì í, á fẹ́ fara da ìrora kó má bàa dà bí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Lílọ sílẹ̀ àti dídìde yẹn, ìgbà méjì ni ìgbáròkó máa ká jù. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kó tó tẹ̀ ba rárá, ẹ ní, "Má kúnlẹ̀ o, a ti gbà á." Tí dókítà bá ti yọ̀ǹda lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọ̀nà tó dáa ni pé kẹ́ ẹ di àga mú, kí ẹ fa ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe sẹ́yìn, kí orúnkún rẹ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Tí ẹ bá ń dìde, ẹsẹ̀ tó dá ló wà níwájú, òun ni kí ẹ fi ti ara sókè.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí náà, ẹsìn gbà kí aláìsàn kírun lórí àga, kó fi títẹ orí ba díẹ̀ ṣe rùkúù, kó sì tẹ̀ ẹ́ ba jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìforíkanlẹ̀. Ẹ ṣáà ṣọ́ra kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù. Ní ti àwọn ìyá tó ń yan gààrí, jíjókòó wálẹ̀ nídìí agbada kò ṣeé ṣe fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ààrò ga kí ẹ lè máa dúró yan án. Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ tọkọtaya náà kò yẹ ká bò mọ́lẹ̀: ó sábà máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún sì fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ bi dókítà, kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ẹ má da àgbo sí ojú egbò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró wọ́ ìdí náà, ẹ má sì pe àwọn tó ń to eegun kí wọ́n wá fà á. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn, àmọ́ irin ló wà nínú yẹn báyìí, fífà kan lè yọ ọ́. Kòkòrò tó bá wọlé dé ara irin náà kì í tètè kúrò, nígbà míì iṣẹ́ abẹ tuntun ló ń mú un kúrò. Bí ojú egbò bá ń ṣomi tàbí tó pọ́n, bí ibà bá mú yín, bí iṣu ẹsẹ̀ bá wú tó sì ń ro yín, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí èémí ń há, tàbí tí ẹsẹ̀ ṣàdédé kúrú, tó yí, tí ẹ ò lè dúró lé e mọ́, ẹ má dúró di àárọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń padà wa mọ́tò lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí dókítà bá gbà. Iṣẹ́ ìjókòó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, iṣẹ́ agbára a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ń fi mọ́tò gbé yín, ẹ ti ìjókòó iwájú sẹ́yìn, ẹ fi ìdí kọ́kọ́ jókòó, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀. Ọ̀kadà kò yẹ yín ní gbogbo àkókò yìí, torí gbígbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀ àti torí ìṣubú.

Ṣé ẹ lè bá ẹgbẹ́ yín jó níbi àjọ̀dún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde? Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, ẹ sì lè fi ọjọ́ náà ṣe àfojúsùn. Ẹ máa rìn lójoojúmọ́, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí iṣan ìdí le tó láti gbé yín dé iwájú àgọ́ pẹ̀lú aṣọ òkè lọ́rùn. Ijó ẹ̀sọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Èyí tó gba kí ẹ tẹ̀ títí dé ilẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Ẹ̀yin ọmọ ilé àwọn Balógun tó ń gẹṣin níbẹ̀, ẹ má gùn ún láìgba àṣẹ dókítà, nítorí ìṣubú látorí ẹṣin lè fọ́ eegun tó yí irin náà ká.

Ọjọ́ orí nìkan kì í dí ènìyàn lọ́wọ́. Ẹni ọdún 95 ni ìyá Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ìgbáròkó rẹ̀ ní 1995, ó sì gbé ayé di 2002. Ní ti àwọn ọ̀dọ́, Bo Jackson, eléré ìdárayá ọmọ Amẹ́ríkà, fara pa ní 1991, orí eegun itan rẹ̀ sì kú nítorí àìrí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní 1992, ó sì padà sórí pápá bésíbọ́ọ̀lù ní 1993. Kò padà sí bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọlu ara wọn. Ní tiyín náà, rírìn, lílúwẹ̀ẹ́ àti gígun kẹ̀kẹ́ dára. Ẹ yẹra fún fífò àti bọ́ọ̀lù gbígbá.

Ìgbáròkó àtọwọ́dá a máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2019 fi hàn pé ó lé díẹ̀ ní ìdajì wọn tó ń tọ́jọ́ tó ọdún 25. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lè tún nílò òmíràn lọ́jọ́ iwájú. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, pàápàá bó bá jẹ́ Íńdíà tàbí Lọ́ńdọ̀nù lẹ ti lọ ṣe é, ẹ gba ìwé tó kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe irin náà àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ fún ẹnìkan nínú ẹbí tọ́jú. Dókítà tó máa tún un ṣe lẹ́yìn ọdún púpọ̀ á béèrè fún un kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.