Èdè-Ìperí fún Aṣọ́pa Ọkọ̀: Ìyàtọ̀ Láàárín Ìdúródè àti Àbùkù

1. Orúkọ ẹ̀rọ náà
Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, kámẹ́rà kan wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú tí ó ń wo ìlà ọ̀dà ojú títì. Bí ọkọ̀ bá ń yà kọjá ìlà láìjẹ́ pé awakọ̀ tan tíráfíkétọ̀, ẹ̀rọ náà yóò kìlọ̀, tàbí kí ó rọra dá sítíárìn padà. Nissan ti lo irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 2001. Láti oṣù Keje ọdún 2024, òfin European Union sọ irú rẹ̀ kan di dandan fún gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun. Tọ̀kúnbọ̀ ni yóò gbé e dé Ìjẹ̀gùn.

‘Aṣọ́nà’ kò bá a mu, nítorí ẹni tí ń ṣọ́ ọ̀nà ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. ‘Aṣọ́pa’ (a + ṣọ́ + ipa) ni ó yẹ: ipa tí ọkọ̀ ń tọ̀ láàárín ìlà méjì ni ẹ̀rọ náà ń ṣọ́.

2. Ìdúródè àti àbùkù
Bí ìwé ìlò ọkọ̀ bá kọ ‘kò ṣiṣẹ́’ fún gbogbo ìṣòro, ó lè mú kí ènìyàn ra kámẹ́rà tuntun lásán. Ní títì tí ìlà rẹ̀ ti pa rẹ́, tàbí tí ẹrẹ̀ bò ó, aṣọ́pa kò rí ohun tí yóò dìrọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí eré ọkọ̀ yóò fi tó nǹkan bí kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìkòtún kì í gba irú eré bẹ́ẹ̀. Èyí kì í ṣe àbùkù. ‘Ìdákẹ́’ kò sì yẹ ẹ́, nítorí ọkọ̀ tí ó dákẹ́ ni ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú. ‘Ìdúródè’ ni ó tọ́: ẹ̀rọ náà ń dúró de ìlà tàbí eré.

3. Ètò àyẹ̀wò
(i) Kí awakọ̀ kọ́kọ́ wo títì àti eré ọkọ̀.
(ii) Kí ó nu gíláàsì iwájú kámẹ́rà, kí ó yẹ wáípà wò, kí ó sì ṣí sítíkà tí ó bá dí i lójú kúrò.
(iii) Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ gíláàsì, ‘àtúntò ojú kámẹ́rà’ di dandan. Bí kámẹ́rà bá yẹ̀ díẹ̀ lórí gíláàsì, àṣìṣe ńlá ni yóò jẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán.
(iv) Lẹ́yìn gbogbo èyí ni mẹkáníìkì yóò tó fi kọ̀ǹpútà wá àbùkù.

Ní àkótán, ọ̀rọ̀ méjì ni olùtumọ̀ gbọ́dọ̀ lò fún ohun méjì. Awakọ̀ tí ó bá mọ̀ pé aṣọ́pa òun wà ní ìdúródè yóò mọ̀ pé ọwọ́ òun nìkan ni ó ń ṣọ́ ipa ní àkókò náà.