Ṣé Fítámì E Lè Dáàbò Bo Ọkàn?

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ ò ní bá mi jiyàn pé igo fítámì kì í wọ́n nínú ẹrù ẹni tó bá ń relé láti Kánádà níbí. Màmá ní ká bá òun ra ti ọkàn, Bàbá ní ká má gbàgbé ti òun. Ìlú Hamilton, nítòsí Toronto, ni wọ́n ti darí ìwádìí ńlá kan lórí fítámì E, ó sì yẹ kí àwa tó ń rà á mọ ohun tí wọ́n rí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ti rí irin tó dógùn-ún rí, àbí? Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó ń jẹ ẹ́. Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀rá tó pọ̀ jù bá wọ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, ọ́síjìn a bà á jẹ́ níbẹ̀. Àwọn sójà ara a sáré wá jẹ ẹ́. Wọ́n a jẹ àjẹyó, wọ́n a kú síbẹ̀. Bí egbò ṣe máa ń wú, tó ń pọ́n, tó ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ògiri náà ń wú lábẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ a dì, a sì dí ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ní iṣan ọkàn, ìkọlù ọkàn nìyẹn. Bó bá jẹ́ ní ọpọlọ, ó di rọpárọsẹ̀.

Nínú ìgò àyẹ̀wò, fítámì E ń dáàbò bo ọ̀rá lọ́wọ́ ọ́síjìn. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn kì í ṣe ìgò.

HOPE ni wọ́n pe ìwádìí Hamilton yẹn, Dókítà Salim Yusuf ti Yunifásítì McMaster ló sì ṣáájú rẹ̀. Wọ́n kó ènìyàn tó lé ní 9,000 jọ, tí ọjọ́ orí wọn tó ọdún 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra. Wọ́n ṣẹ́ gègé fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀: gègé la fi ń yan ènìyàn láìṣe ojúsàájú. Àwọn kan ń gbé fítámì E mì lójoojúmọ́, àwọn yòókù ń gbé hóró tó jọ ọ́ mì, tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Wọ́n tún ṣẹ́ gègé kejì lórí ramipril, tí àwọn dókítà ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru.

Èsì jáde ní ọdún 2000. Nínú 4,761 tó lo fítámì E, 772 ni ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ mú, tàbí tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ pa. Nínú 4,780 tí kò lò ó, 739 ni. Kò sí èrè kankan níbẹ̀. Ti ramipril yàtọ̀ gan-an: 651 nínú 4,645 tó lò ó, 826 nínú 4,652 tí kò lò ó. Nígbà tí wọ́n sì tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ nínú wọn títí di ọdún bíi méje, èsì 2005 fi hàn pé àwọn tó ń lo fítámì E gan-an ni àárẹ̀ ọkàn mú jù.

Ẹ̀pà àti epo pupa ní fítámì E, kò sí ẹni tó ní ká má jẹ wọ́n o. Ohun tó ń ká mi lára ni ti Màmá tó pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì nítorí pé fítámì ti dé láti òkè òkun. Ẹ yọ igo méjì kúrò nínú ẹrù, kí ẹ fi ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rọ́pò. Ramipril fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun à ń dì ránṣẹ́ sílé: aboyún kò gbọdọ̀ lò ó, ó sì lè mú kí ètè àti ahọ́n wú, pàápàá lára àwa aláwọ̀ dúdú. Dókítà ló ń yàn án.

Ti wíwú yẹn ńkọ́? Ní Montreal, wọ́n gbìyànjú colchicine, oògùn àtijọ́ fún irú làkúrègbé kan tó máa ń wú àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Lára àwọn 4,745 tí ìkọlù ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, èsì 2019 dára fún àwọn tó lò ó. Ní 2024, àwọn ará Hamilton gbé èsì tiwọn jáde lórí àwọn 7,062 tí ìkọlù ọkàn mú: oògùn kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ìyàtọ̀ kankan.