Fèrè Tó Dákẹ́, Sítíárìn Tó Ń Yọni Lẹ́nu: Ìwé Ìlàlóye fún Ẹni Tó Ń Wa Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́

Ohun kan wà tó máa ń bá wa pàdé bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ wá fún àyẹ̀wò. Bọ́tìnnì kékeré kan ni, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíà. Bí a bá bi onímọ́tò pé kí lèyí, á rẹ́rìn-ín: "Fèrè ni, sà. Ti orí sítíárìn ti kú, rìwáyà ló bá mi so eléyìí." Á tẹ̀ ẹ́, á dún pòò. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí iná pupa kékeré kan ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tí kò kọbi ara sí: àwòrán ẹni tó jókòó, tí nǹkan rogodo wà níwájú rẹ̀. Iná ẹ́ábáàgì nìyẹn, àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń wú jáde láti gba àyà àti orí awakọ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan.

Sítíárìn ń yí, òpó tó gbé e dúró kì í yí. Láàárín àwọn méjèèjì ni wáyà pẹlẹbẹ kan wà, tí wọ́n ká bí ẹní sínú ike róbótó. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní clock spring. Spiral cable ni Toyota ń pè é. Inú rẹ̀ ni wáyà fèrè gbà kọjá, inú rẹ̀ náà sì ni ti ẹ́ábáàgì gbà. Bó bá já, fèrè á dákẹ́, iná pupa á tàn, ẹ́ábáàgì sì lè má wú lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ gíà yẹn dá fèrè padà lóòótọ́, àmọ́ kò dá ẹ́ábáàgì padà.

Kì í ṣe gbogbo fèrè tó dákẹ́ ni clock spring rẹ̀ já o. Fiúsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jó, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fi fọ́nrán wáyà dípò fiúsì ń wá iná sínú ilé ara rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ lé rìlé fèrè, ṣíwíìsì kékeré tó ń gbé iná fún un, nínú àpótí fiúsì, kí ẹnì kan máa tẹ sítíárìn. Bí rìlé bá ń ṣe kẹ́, kẹ́, tí fèrè kò dún, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ sítíárìn dára. Ara fèrè fúnra rẹ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ̀yìn bọ́ńpà iwájú ló sábà máa ń wà, níbi tí omi òjò àti ẹrẹ̀ ti ń bá a. Kí rìwáyà fa iná bátìrì dé ara rẹ̀ tààrà: bó bá dún, ẹ fọ ìpata ẹnu wáyà rẹ̀ kúrò. Bí rìlé kò bá ṣe kẹ́ rárá, tí fiúsì sì dára, ẹ fi rìlé mìíràn tó jọ ọ́ dán an wò. Bó bá ṣì dákẹ́, tí iná ẹ́ábáàgì náà sì ń tàn, ẹ lè dá clock spring lẹ́bi wàyí.

Fèrè tó ń dún láìdákẹ́ lóru, tí àdúgbò ti ń yọjú lójú fèrèsé? Ẹ fa rìlé rẹ̀ yọ, kí ilẹ̀ mọ́ ká tó wá ìdí.

Iṣẹ́ clock spring kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń kánjú. Ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gátífù, kí ẹ sì dúró ó kéré tán 90 ìṣẹ́jú àáyá, bí Toyota ṣe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sítíárìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki gílóòbù tí wọ́n fi ń dán iná wò bọ wáyà aláwọ̀ ìyeyè tó wà níbẹ̀, torí wáyà ẹ́ábáàgì ni, ó sì lè bú lójú ẹni. Bí wọ́n bá yọ ẹ́ábáàgì, ojú rẹ̀ ni kó kọ sókè tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀. Kí táyà iwájú kọjú síwájú gan-an kí wọ́n tó tú sítíárìn, kí wọ́n sì rí i pé clock spring tuntun wà ní àárín gbùngbùn. Bí kò bá sí láàárín, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ yí sítíárìn dópin ni yóò já, ẹ ó sì padà lọ ra òmíràn.

Ẹni tó ṣì ń wa ìjàpá, Volkswagen ọjọ́un, kò ní ẹ́ábáàgì tí yóò bẹ̀rù. Wáyà kékeré kan tó fo rọ́bà ìsàlẹ̀ òpó sítíárìn kọjá ni kó wò. Bó bá já, fèrè kú nìyẹn, owó àtiso ó padà kò sì tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà fún ẹni tí tòkunbọ̀ rẹ̀ ti Amẹ́ríkà wá. Ẹ́ábáàgì ilé-iṣẹ́ Takata wà nínú ọ̀pọ̀ Honda Accord, Civic àti Toyota Corolla tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 2000. Ooru àti ọ̀rinrin ń ba ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́, àwa sì rèé tí méjèèjì kò wọ́n lọ́dọ̀ wa. Bó bá bú, irin wẹ́wẹ́ ló ń fọ́n sí awakọ̀ lára. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà nìkan. Ẹ kọ nọ́ńbà oní-lẹ́tà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ọ̀dọ̀ awakọ̀ sílẹ̀, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí nhtsa.gov, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má sì ra ẹ́ábáàgì àlòkù, ìbáà ṣe ní ọjà Ládìpọ̀ tàbí níbòmíràn.

Ti sítíárìn fúnra rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Bó bá tì gbagidi tí kọ́kọ́rọ́ kò yí, kò bàjẹ́: ẹ máa mì í sọ́tùn-ún sósì bí ẹ ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Bí ọkọ̀ bá ń fà sápá kan, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà lọ́dọ̀ fọganáísà kí ẹ tó san owó àláímẹ́ǹtì. Bó bá ń gbọ̀n nígbà tí eré bá ti ń tó kìlómítà 80 sí 100 ní wákàtí kan, báláǹsì táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Bó bá wúwo tó sì ń han bí ẹ ṣe ń yí i, ẹ wo ọ́ìlì rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí rẹ̀ ni kí ẹ bù sí i, kí ẹ sì wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ bóyá ó ń jò.

Èyí tí a kì í fojú fò ni sítíárìn tó ń ṣeré. Ẹ tan ọkọ̀, kí táyà kọjú síwájú, kí ẹ fi ìka méjì yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá rìn ju mílímítà 30 lọ kí táyà tó mì, ó ṣeé ṣe kí tie rod end tàbí ráàkì, àwọn irin tó so sítíárìn mọ́ táyà, ti jẹ. Ẹ má gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi wáyà dípò pín tó di nọ́ọ̀tì tie rod end mú.

Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ sì wo iná ẹ́ábáàgì yẹn. Ó yẹ kó tàn, kó sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, kì í ṣe pé ọkọ̀ yín dára: ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á fún yín ti yọ gílóòbù rẹ̀.