Ìdí Ọpọlọ: Ibi tí Èémí ti ń Gba Àṣẹ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni." Nínú agbárí, níwájú ìpàkọ́ tí ojú ẹni kò tó yìí, ni ìdí ọpọlọ fara pamọ́ sí. Bí ó bá dákẹ́, èémí dákẹ́.

Ìdí ọpọlọ, tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní medulla oblongata, kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Nísàlẹ̀, ní ojú ihò ńlá abẹ́ agbárí, ó so mọ́ mùdùnmúdùn ọ̀pá-ẹ̀yìn. Níwájú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣan tí ń jíṣẹ́ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti dábùú ara wọn. Ìdí nìyí tí apá òsì ọpọlọ fi ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn iṣan tí ń jíṣẹ́ fún ahọ́n, ọ̀fun àti ohùn ti jáde. Òun ni ó ń ṣe àkóso mímí, lílù ọkàn, ikọ́ àti èébì, kò sì sinmi bí ènìyàn tilẹ̀ sùn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí májèlé bá borí ọpọlọ. Ní Òde-Ìrèlè, orí ń fọ́ àwọn kan, ojú wọn ń ṣú, wọ́n sì ń dákú. Ènìyàn tí ó ju 15 lọ ni ó kú. Àwọn kan kà á sí ìbínú òrìṣà, àwọn mìíràn fura sí oògùn apakòkò. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, Àjọ Ìlera Àgbáyé tọ́ka sí methanol inú ògógóró.

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ methanol di ásíìdì. Ásíìdì yìí a máa ba iṣan ojú jẹ́, a sì mú kí ẹ̀jẹ̀ kan. Bí ìròyìn bá dé ìdí ọpọlọ, yóò pàṣẹ kí aláìsàn máa mí hẹlẹhẹlẹ kí ẹ̀jẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Bí apá rẹ̀ kò bá ká a mọ́, èémí yóò falẹ̀, yóò sì dúró.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó mutí tí ó sì dùbúlẹ̀ ni ó ń sùn. Bí a bá jí i tí kò jí, ẹ̀gbẹ́ ni kí a fi í dùbúlẹ̀ lé, kí èébì má baà há a lọ́fun, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Oògùn wà tí ó lè dá ẹ̀dọ̀ lẹ́kun kí methanol tó di ásíìdì, ṣùgbọ́n kì í dúró de ẹni tí ó pẹ́. Olùkọ́ tí ó bá fi èdè abínibí ṣàlàyé èyí fún ọmọ ilé-ìwé ti ran odidi agbo-ilé lọ́wọ́.